Owó Ti Wọ Jíà Karùn-ún, Ìdánwò Ṣì Wà ní Fírì

Ẹ̀yin ará Kàbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé ìwakọ̀, ẹ kú ìnáwó! Láti ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ìwé ọlọ́dún mẹ́ta ti fò láti N10,000 dé N15,000, tí ọlọ́dún márùn-ún sì kúrò ní N15,000, ó di N21,000. Owó yí jíà, kò ṣi ọ̀kan.

Ìdánwò ńkọ́? Òfin ní kí òṣìṣẹ́ VIO wo bí onítọ̀hún ṣe ń wakọ̀: bóyá ọkọ̀ á yí padà sẹ́yìn lórí òkè kó tó rí jíà kìíní, bóyá á ti ìkejì bọ́ sí ìkẹrin, tí ọkọ̀ á ta gìrì-gìrì, tí yóò kú sójú títì. Ní Nàìjíríà, a ti borí àṣìṣe wọ̀nyẹn. Ta ló fẹ́ ṣi jíà nínú ọkọ̀ tí kò wọ̀? Fọ́tò ló yà, ìka ló tẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ìlì fọ́tò.

Ìwọ̀nba tó wakọ̀, Corolla ọ́tò tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ni. Nílùú ọba, ẹni tó bá fi ọ́tò yege, ọ́tò nìkan ni yóò máa wà. Tiwa ní kílàsì títí dé G fún tírélà, kò síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọwọ́ rẹ mọ jíà. Lọ́la, ọ̀gá Corolla á gba Golf mánúà ní gáréèjì, á kó èrò há ara wọn, ó di Lọ́kọ́ja, lórí kọnkéré kìlómítà 43 tí Dangote tẹ́ láti Ọbàjànà dé ọ̀dọ̀ wa.

Tó bá dórí gẹ̀rẹ́, á yọ ọ́ sí fírì. Ó ní òun ń ṣọ́ epo, láti ìgbà tí Tinubu ti kéde òpin owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Bùọ̀dá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oní-injector kì í mu epo lórí gẹ̀rẹ́ tí jíà bá wọlé, tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí tọ́rótù. Fírì yẹn gan-an ló ń mu ún!

Mo pa ẹ̀fẹ̀ tì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2020, táńkà epo kan já wọ àárín ọkọ̀ ní Fẹ́lẹ́lẹ́, Lọ́kọ́ja. Ó lé ní 20 ènìyàn tó bá a lọ, àwọn ọmọ iléèwé wà nínú wọn. Wọ́n ní bíréèkì ló kọṣẹ́. Bíréèkì nìkan kì í sì í dá ẹrù ńlá dúró lórí gẹ̀rẹ́, jíà kékeré ló ń bá a dì í mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ẹni tí ẹ ò rí nídìí ọkọ̀ rí, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ọkọ̀ ìjọba Kogí náà ńkọ́? Nínú àwọn gómìnà tí a dìbò yàn láti 1991, Igala wà á, Ẹ̀bìrà wà á, àwa Okun ń sanwó ọkọ̀. Clarence Olafẹmi, ọmọ Okun, jókòó sídìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní 2008, gẹ́gẹ́ bí adelé. Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ tó kan jíà kejì.