Ìbọn Tí Mo Fi Ìmọ́tótó Bà Jẹ́

Ń kò ju ìbọn afẹ́fẹ́ náà sómi, bẹ́ẹ̀ ni ń kò gbàgbé rẹ̀ sínú òjò. Nínù ni mo ń nù ún. Mo nù ún títí tí kò fi mọ ibi tí a dojú rẹ̀ kọ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Jámánì ló gbé e wá sí Takon, ní Orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tó pé. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì, nítorí Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, òfin ìbọn wọn ti 1959 sì ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tó nílò àṣẹ. Ìbọn onísípíríǹgì ni, wọ́n á ká ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta sí i, ọta náà sì jẹ́ mìlímítà 4.5. Ẹni tó tà á ti yọ ọ̀pá tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ó fi èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́lígónà rọ́pò rẹ̀. Agolo tòmátì la fẹ́ máa yìn lẹ́yìnkùlé, ká sì máa fi ìró rẹ̀ lé àwọn ẹ̀gà kúrò lórí ọ̀pẹ. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gà ò bẹ̀rù ìwádìí. Wọ́n ṣì ń ya imọ̀ ọ̀pẹ wa lọ kọ́lé.

Mo ká ìbọn náà, mo gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo di ojú kan, mo wò ó. Ó ń dán gbinrin. Kò sí ilà kankan nínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Inú ìbọn yìí ti jẹ tán.”

Ilà tí mò ń wá kò jẹ, wọn ò kọ ọ́ rí ni. Inú ọ̀pá ìbọn tó wọ́pọ̀ dà bí ojú ẹni tó kọ pélé: wọ́n gé ilà sí i, ilà náà sì ń yí lọ láti ìdí dé ẹnu, òun ló ń mú ọta pòòyì kó lè lọ tààrà. Ní ti pọ́lígónà, ihò ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ ni kò rí roboto. Ó ní igun, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti pa etí igun wọ̀nyẹn rẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ síwájú. Ẹni tó bá ń kánjú yóò rò pé ó jọ̀lọ̀ lásán bíi ti ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ni. Ilé iṣẹ́ FX ní Sweden tiẹ̀ ṣe ọ̀pá kan, Smooth Twist, tó jọ̀lọ̀ láti ìdí títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ẹnu; ibẹ̀ ni wọ́n ti wá tẹ ìlọ́ sí i láti ìta.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Joseph Whitworth ará Manchester, ẹni tí òdiwọ̀n bóòtù àti nọ́ọ̀tì 1841 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣe ìbọn onígun mẹ́fà kan tí wọ́n dán wò pẹ̀lú Enfield, ìbọn àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, ní 1857. Ọta Enfield ní láti rin ínǹṣì 78 kó tó yípo ẹ̀ẹ̀kan. Ti Whitworth ń yípo láàárín ínǹṣì 20, ó sì na Enfield mọ́lẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ní 1860, ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria fa okùn tí wọ́n so mọ́ ìbọn Whitworth tí wọ́n ti dè mọ́ orí irin, ọta náà sì bá àárín àmì ní 400 yáàdì. (Wọ́n ti bá a to ojú ìbọn náà kó tó dé. Irú ìrànlọ́wọ́ yẹn ì bá tù mí lára.) Síbẹ̀ àwọn ológun kò gbà á. Ó wọ́n, èérí ẹ̀tù sì ń tètè dí i.

Ẹ̀tù, ẹ gbọ́ o. Ìbọn afẹ́fẹ́ kò ní ẹ̀tù. Ohun tó ń kù nínú rẹ̀ kò ju òjé díẹ̀ láti ara ọta lọ, àti òróró tí wọ́n fi pa ọta náà. Nínú pọ́lígónà, òjé ọ̀hún kì í rí kọ̀rọ̀ tó mú tí yóò sá pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó kì í fi í nù ún àfi tí ọta bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà.

Èmi ń nù ún láràárọ̀. Mo yọ sípókù lára kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan, mo so àkísà mọ́ ọn, mo sì ń tì í gba ẹnu ìbọn wọlé. Ètè ẹnu yẹn gan-an ni ọta ti ń dágbére fún ọ̀pá. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ha níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ yẹn jáde, á sì ti ìdí ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni mo fi ṣe ojú ọ̀nà sípókù. Nígbà tó yá, àkísà há sínú. Mo fi sípókù kejì tì í, òun náà há.

Mo bá lọ ra kpayo, ìyẹn epo pẹtiróòlù fàyàwọ́, ìgò kan létí títì, mo lú u mọ́ ọ́ìlì ọ̀kadà, mo dà á sí i. Àkísà yọ, ó dúdú kirikiri, inú mi dùn. Mo ki ọta, mo yìn ín.

Gbàù! Èéfín bo ojú mi, àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ àká. Nínú ìbọn onísípíríǹgì, písítìn ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ náà á gbóná gidigidi. Bí ẹ́ńjìnnì dísù ṣe ń tan iná láìlo púlọ́ọ̀gì nìyẹn. Epo nìkan ló kù, èmi sì ti bù ú sí i. Irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ sípíríǹgì, ó sì lè jó rọ́bà orí písítìn.

Bàbá ọdẹ tó wà ní agboolé kejì yọ sí wa.

“Ta ló ń yin ṣakabùlà níbí?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni.”

“Afẹ́fẹ́ wo ló ń rú èéfín?” Ó gba ìbọn náà, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó wò mí. “Tèmi ń jẹ ẹ̀tù, mo sì ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Kí ni tìrẹ jẹ tí o fi ń fọ̀ ọ́ lẹ́nu?”

Ń kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ yí irin ní Sakété, ìyẹn sì bá a tún ètè ẹnu rẹ̀ ṣe. Nígbà tó dé, ó fi okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja fa aṣọ òwú kékeré kan gba ìdí ọ̀pá lọ sí ẹnu, ní gbígbẹ, láì fà á padà. Nígbà tí aṣọ náà jáde ní mímọ́, ó dáwọ́ dúró.

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kì í yìn dáadáa lójú ẹsẹ̀. Àfi kí òjé tún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú rẹ̀, èyí sì lè gba ọta mẹ́wàá sí ogún, nígbà míì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ń kò mọ̀. Bí ọta bá ṣe yà sósì, mo yí ojú ìbọn sọ́tùn-ún. Ó yà sókè, mo yí i wálẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá náà fi máa bọ̀ sípò, ojú ìbọn ti kúrò nípò pátápátá.

Ọta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara wọn wọ ihò kan ṣoṣo tí owó kọ́ìnì lè bò. Ihò ọ̀hún kò sí lára páálí tí a gbé kọ́. Ara kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ti ògiri ló wà, epo sì ń tú jáde wọ̀ọ̀. Ó sáré jáde, ó fi ìka bo ihò náà, ó wá yíjú sí mi.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé abọ́ wá. Ẹ má mú àkísà dání o.”