Ṣé Èmi Nìkan Ni Kò Sàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ rán mi sọ́run ọ̀sán gangan. Mo gbé fóònù lọ fún ọmọ tó ń tún un ṣe lẹ́bàá ọjà Òkè-Ajé, ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi lè rán níṣẹ́, ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ ò sàbí fóònù yìí.” Mo délé, mo ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìkọ́kọrẹ́, ìyàwó mi ní, “Kí lẹ sàbí nínú ìkọ́kọrẹ́?” Ọlọ́kadà gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ, ó tún ní èmi ni mi ò sàbí ọ̀nà! Háà!

Ó ká mi lára, mo bá tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kì í tilẹ̀ ṣe tiwa! Àwọn Potogí ló gbé e gúnlẹ̀ sétí òkun, kó tó gba inú pijin wọlé wá bú mi. Ọ̀kan nínú wọn, Duarte Pacheco Pereira, ti kọ̀wé nípa wa láàárín 1505 sí 1508, ó pe ìlú wa ní Geebuu, ó ní yàrà ńlá yí i ká. Ẹ̀gbà idẹ ni wọ́n fi ń ra ẹrú àti eyín erin. Ẹ̀gbà ti lọ, èébú ló kù sí mi lọ́rùn.

Saber ni Potogí àti ará Sípéènì ń pè é. Sapere, èdè Látìn, ló bí i: kéèyàn tọ́ nǹkan wò, kó mọ adùn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti di kéèyàn gbọ́n. Ẹ gbọ́ o, ẹnu ni ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi yìí tó ní iyọ̀ pọ̀!

Ẹ tún wo ẹbí rẹ̀ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tójú rẹ̀ là ni savvy, onímọ̀ ni savant, oúnjẹ tí kò ládùn ni insipid. Ní 1758, Carl Linnaeus ará Sweden wá sọ gbogbo ọmọ aráyé ní Homo sapiens, ènìyàn tó sàbí, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀, òmùgọ̀ wà níbẹ̀, olè wà níbẹ̀, ọlọ́kadà tó ṣì mí gbé wà níbẹ̀, ọmọ tó gba owó mi tí fóònù kò sì tíì dún títí dòní wà níbẹ̀, ó wá ku èmi nìkan, èmi tí mò ń san owó ilé, owó iná, owó iléèwé, èmi nìkan ni kò sàbí láyé!

Ẹ̀yin tíyà ń jẹ bíi tèmi, tí ẹ bá pàdé ìyàwó mi lọ́jà, ẹ sọ fún un pé Látìn ti dá mi láre. Kó dín iyọ̀ kù, kó sì fi pọ̀nmọ́ kún un.