Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Di Ọ̀jọ̀gbọ́n Labalábá

Ṣé o fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n labalábá ní Adja-Ouèrè kí oòrùn tó wọ̀? Kò le rárá. Gun ẹ̀yìn alùpùpù zémíjàn, kó gbé ọ yí ká oko Ikpinlè àti Massè, kó má ṣe dúró níbì kan. Èyí tó bá fò kọjá, dárúkọ rẹ̀.

Bí apá iwájú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, tí ṣóńṣó rẹ̀ dúdú, tí funfun là á kọjá, Danaus chrysippus ni. Linnaeus ará Súwídìn sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1758 láì tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Kí ni tìrẹ tí wàá fi sọ̀ kalẹ̀? Mú àwòrán ti Íńdíà dání. Apá ẹ̀yìn tibẹ̀ pupa, tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábà máa ń funfun. Sọ pé ọṣẹ ló bó o.

Má bẹ ìdí bọmubọ́mù wò. Kòkòrò tó ń di labalábá yìí wà níbẹ̀, abilà dúdú, funfun àti yẹ́lò, tó ń jẹ ewé olóje náà. Inú ewé yẹn ló ti ń kó oró jọ. Ẹyẹ tó bá gbé labalábá rẹ̀ mì á bì í, kò sì ní súnmọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ìwọ ní irọ́ ni: ṣebí bọmubọ́mù làwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì, o sì ń jẹ wagashi láìkú?

Ibi tí ọgbọ́n rẹ yóò ti tàn jù nìyí. Wọ́n ní labalábá tó fara wẹ́yẹ kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n abo Hypolimnas misippus fara wé labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò lóró kankan. Aṣọ olóró yẹn ló yá wọ̀, ẹyẹ sì ń sá fún un. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ àlùkò yí wọn ká. Bó bá ń lé ìyàwó rẹ̀, pariwo pé àlejò ń lé ọmọ ọlọ́mọ.

Aláṣejù kan á ní kó o ka àmì dúdú apá ẹ̀yìn: ti olóró tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti ayédèrú jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló ń ka àmì?

Bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí ayédèrú yìí ń gbé, sọ pé Éṣíà nìkan ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó wà ní Ọsirélíà, ó tiẹ̀ dé erékùṣù Kàríbíánì. Pápásan tí kòkòrò rẹ̀ ń jẹ sì hù lẹ́yìn ilé rẹ. Yára tu ú dànù, kí ẹnìkan má baà fi já irọ́ rẹ.