Ìwádìí lórí Ìdákẹ́ Onígbèdéke: Bí A Ṣe Ń Pa Olùṣọ́ Server Lẹ́nu Mọ́

Ìdákẹ́ onígbèdéke ni àṣẹ tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń pa fún olùṣọ́ server pé, láti aago báyìí sí aago báyìí, kò gbọdọ̀ ké sí ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ohun tó rí burú tó. Server ni kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn; olùṣọ́ rẹ̀ sì ni ètò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, tọ̀sán-tòru, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Lára àwọn olùṣọ́ tí a mọ̀ dunjú ni Nagios, tí Ethan Galstad gbé jáde ní 1999 pẹ̀lú orúkọ NetSaint; Zabbix, tí Alexei Vladishev gbé jáde ní 2001; àti Prometheus, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ SoundCloud ní ìlú Berlin ní 2012.

Ìpìlẹ̀ gbogbo ìkìlọ̀ ni ìgbàgbọ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí server kú. Àsìkò àtúnṣe dojú ìgbàgbọ́ yìí dé: àwọn olùtọ́jú server gan-an ló ń pa á, wọ́n ti kọ ọjọ́ àti wákàtí ikú náà sílẹ̀, wọ́n sì ti fi tó gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn létí, àfi olùṣọ́ nìkan. Olùṣọ́ tí a kò sọ fún kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ikú tí a pète àti ikú òjijì, nítorí àmì kan náà ni méjèèjì ń fi hàn. Fóònù ẹni tó ń ṣe àtúnṣe yóò wá máa dún láìsinmi, láti sọ fún un pé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ti kú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, etí yóò di sí ìkìlọ̀, kò sì ní í sí ẹni tí yóò dáhùn lọ́jọ́ tí igbe náà bá jẹ́ òtítọ́.

Bí a bá wo bí ìdákẹ́ ṣe jinlẹ̀ tó, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Èkíní ni ìdákẹ́ ẹnu: olùṣọ́ ń wò, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ké, bí Nagios ti ń ṣe nìyí. Èkejì ni ìdákẹ́ ojú, tí Zabbix fàyè gbà: olùṣọ́ kò gba dátà kankan rárá, òfìfo ni yóò sì wà nínú àkọsílẹ̀ fún gbogbo wákàtí náà. Ẹ̀kẹta ni ìdákẹ́ ọ̀wọ̀, tí kò ní gbèdéke aago bí àwọn yòókù, tó wà nínú Alertmanager, ẹ̀yà Prometheus tó ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́: ìkìlọ̀ kékeré ń dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìkìlọ̀ ńlá tó jẹ mọ́ ọn bá ń sọ̀rọ̀.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ àkókò, Nagios mọ oríṣi méjì. Ìdákẹ́ aláìyẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí lórí aago tí a kọ, yálà nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ìdákẹ́ aláyẹ̀ ń dúró de ikú server láàárín wákàtí tí a yàn, ìgbà tó bá kú ni kíka iye àkókò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde nìyí: server tí àìsàn tirẹ̀ bá pa láàárín wákàtí náà, ìdákẹ́ tí a ṣe fún àtúnṣe ni yóò bo ikú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àbùkù ìdákẹ́ náà jẹ́ mẹ́ta: kíkúrú jù, gígùn jù, àti fífẹ̀ jù, èyí tó ń pa àwọn server tí a kò fọwọ́ kàn lẹ́nu mọ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo lè bí méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni ọ̀pọ̀ server ń lò, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Bí àtúnṣe ní Èkó bá wà láti aago 2 òru sí aago 4 ìdájí, tí a sì kọ 2 sí 4 sílẹ̀ lórí aago UTC láìṣírò, aago 3 sí aago 5 ti Èkó ni ìdákẹ́ yóò bọ́ sí: igbe yóò gba wákàtí àkọ́kọ́, wákàtí kan yóò sì tún kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ láìsí olùṣọ́.

Àbùkù méjì yìí kò dọ́gba. Ìdákẹ́ tó kúrú ń fi ariwo tú ara rẹ̀ fó, a ó sì tún un ṣe lóru ọjọ́ náà. Ìdákẹ́ tó gùn kì í fi àmì kankan hàn, àwọn oníbàárà ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ti dúró. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ pé Alertmanager kò gba ìdákẹ́ onígbèdéke tí kò ní orúkọ ẹni tó pa á láṣẹ, àlàyé ìdí rẹ̀, àti àkókò tí yóò parí. Àbájáde ìwádìí yìí ni pé ìdákẹ́ ẹnu sàn ju ìdákẹ́ ojú lọ, pé server tí a fẹ́ tún ṣe nìkan ló yẹ kí ó kàn, àti pé bí iṣẹ́ bá ti parí ṣáájú gbèdéke, ọwọ́ ẹni tó pa olùṣọ́ lẹ́nu mọ́ náà ló yẹ kó ṣí i lójú ẹsẹ̀.