Ta Ni Ò Mọ Ibi Tí À Ń Gbé?

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá rí owó ìrìn àjò á lọ Mẹ́kà, á lọ Jerúsálẹ́mù, tàbí kó lọ ra kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù, kó sì gbé e wá fi hàn wá. Ìyẹn ti tán. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ti di ohun ìtìjú báyìí. Àfi kéèyàn lọ ya fọ́tò létí ihò tí iná ń jó nínú rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ò kẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, gbogbo owó tó bá sì rí níbẹ̀ ló fi ń wọ bàálù. Ó ti dé Darvaza ní Turkmenistan, níbi tí ihò kan tó fẹ̀ tó mítà 70 ti ń jó láàárín aṣálẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ló ń jó níbẹ̀. Ó fi fídíò rẹ̀ hàn mí, mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo gáàsì tó ń jó dànù, kí ló gbé e kọjá Niger Delta? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dé Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n kọ́lé sórí omi Nokoué. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbé orí omi yẹn, láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti sá fún àwọn tó ń kó ẹrú. Ṣé àwọn náà ò mọ ibẹ̀ ni? Ó tún ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bolivia tó jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ògiri iyọ̀, tábìlì iyọ̀, bẹ́ẹ̀dì iyọ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé àlejò ò gbọdọ̀ fi ahọ́n lá ògiri. Ó ní òun ò lá a. Iye tó san lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́, torí pé ọ̀dọ̀ èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gba owó ọbẹ̀.

Kò kàn mí nígbà yẹn. Àfi lọ́dún tó kọjá tó pè mí lórí fóònù. "Bùọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí ibì kan tó kù láyé yìí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

Mo ní níbo nìyẹn?

"Ọ̀dọ̀ yín ni, sà."

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tí mò ń gbé rèé o, tó ní ọba tirẹ̀, Ọ̀jọ̀mọ̀ Olúdà, tó ní ọjà, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó ń pín bíìlì iná mọ ojúlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣì í rí. Òun ló wá di ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Nígbà tó ń bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ló bọ́ sílẹ̀ sí. Ó gbọ́ Ìjẹ̀bú, kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ń bèèrè ilé èmi Bàbá Dúpẹ́ kiri gáréèjì, ó wá ń bínú pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ò lajú. Ilẹ̀ ti ṣú, ó sùn síbẹ̀. Nítòsí ibi tó sùn sí yẹn ni Eredo Sùńgbọ́ wà, yàrà àti odi àtijọ́ tó gùn tó 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ṣe é, kò sí katapílà. Kò yà wò ó. Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì tí kò ṣiṣẹ́ ló ń rò fún mi lórí fóònù títí ó fi dé Àkúrẹ́.

Ó dé ilé mi tán, ó ní òun kì í jẹ iyán lálẹ́, ó ti wúwo jù. Ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, nígbà tí alẹ́ sì lẹ́, ó ní ti òní nìkan. Mi ò bínú sí ìyẹn, oúnjẹ ni Ọlọ́run dá fún ẹnu. Iná ni ìṣòro mi. Ó ní kámẹ́rà, ó ní fóònù méjì, ó ní ohun kan tó ń fò lókè bí eṣinṣin ńlá, ó tún wá ní bátìrì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa fún àwọn bátìrì yòókù níná. Gbogbo wọn ń mu jẹnẹrétọ̀ mi. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Epo ń mu èmi.

Oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ló sì wá, ìgbà ọdún Ìgogo ní Ọ̀wọ̀, ìlú tó wà nítòsí wa. Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe ọdún yìí ní ìrántí Ọ̀rọnsẹ̀n, olorì ọba ìlú náà, Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Ìtàn sọ pé obìnrin náà kì í ṣe èèyàn lásán, ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ da omi sílẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ gbì. Àwọn orogún rẹ̀ (ẹ ò mọ orogún ni?) dúró dìgbà tí ọkọ ò sí nílé, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà bínú jáde, kò padà mọ́. Láti ìgbà náà, bí ọdún rẹ̀ bá ti wọlé, wọn kì í lu ìlù, agogo irin ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, wọn kì í yin ìbọn. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á dirun, á fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ bí olorì, á sì jó jáde sójú gbogbo èèyàn.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí a tó kúrò nílé. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ó dé fìlà.

Bàbá àgbàlagbà kan rọra sún mọ́ wa. "Ọmọ mi, ṣí fìlà rẹ."

"Oòrùn ni, sà."

"Oòrùn yìí náà ló ń pa Kábíyèsí."

Ó ṣí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mí kanlẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀yin ará ilé, kí ni ẹ rò pé ó fi sí i? Ìlù dùndún! Ó ń ròkè lálá láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ìlù. Ó ń wá bọ́tìnnì tó máa tẹ̀ pa, èmi ń wá ibi tí màá gbà wọlẹ̀. Ó ní òun fi ń rántí ilé nígbà tí òun bá wà ní Peckham ni.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí. Ẹni tó wọ bàálù lọ Bolivia, tó sanwó gọbọi kó lè pa èèwọ̀ iyọ̀ mọ́, tí kò fi ahọ́n kan ògiri, àní tí kò tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀! Èèwọ̀ tiwa, ọ̀fẹ́ ni, èdè baba rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ fún un, kò lè pa á mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ilá fi ń hó.

A dé ààfin Ọlọ́wọ̀. Lọ́dún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní àgbàlá tó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó 100, ugha là ń pè é, láwọn mìíràn ẹ máa rí bí wọ́n ṣe fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ wọn. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti ń ta kọfí.

Mo mú un dé Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní 1969 sí 1971, tó hú àwọn ère amọ̀ jáde, èyí tí wọ́n ní ó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún 15: orí èèyàn, orí àgbò, ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn. Ojú rẹ̀ là, ó gbé kámẹ́rà sókè. "Níbo ló wà, sà?"

Mo ní wọ́n ti kó wọn lọ sí mùsíọ̀mù.

"Gbogbo ẹ̀?"

Kí ni kí n sọ? Àwọn ère Ọ̀wọ̀ wà lára ohun tí wọ́n kó lọ pàtẹ ní Detroit ní 1980, wọ́n sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1982. Amọ̀ ilẹ̀ wa ti wọ bàálù. Èmi tí mò ń gbé lórí ilẹ̀ náà, Benin City ni mo dé tó jìnnà jù, nígbà tí mo lọ ra páàtì mọ́tò. Bóyá amọ̀ yẹn tiẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí ọ̀gbẹ́ni tó débẹ̀, kò sì bèèrè kọfí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ní ṣé kò sí ohun tó tún pẹ́ ju ìyẹn lọ? Mo ní Ihò Eléérú wà ní Ìsárun, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Àkúrẹ́, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti rí egungun èèyàn ní 1965, egungun tó ti lé ní 10,000 ọdún. Ó ní ṣé mo lè bá òun pe ẹni tó ni ín. Mo wò ó. Mo ní nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

Ó padà sí Peckham. Kò pẹ́ tí Dúpẹ́ fi gbé fóònù wá pé kí n wá wo ara mi. Fídíò náà dára, mi ò ní parọ́. Ó fi ohun tó ń fò yẹn ya òrùlé ìlú wa, ó dà bí ìlú òyìnbó. Ìgbà tó yá ni mo rí ara mi, mo jókòó síwájú ilé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà: *ará abúlé kan*.

Èmi! Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Èmi tí mo sanwó àsun tó jẹ ní Ọ̀wọ̀, tí mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì mi, tí mo lọ ń sùn ní pálọ̀! Mo ní Ìyá Dúpẹ́, ẹ bá mi wo ohun tí àbúrò yín kọ. Ó fi awò ojú sí i, ó wò ó dáadáa, ó ní ṣèbí wọn ò sọ pé abúlé náà burú.

Ibi tó burú sí ni pé àwọn èèyàn ti wò ó. Láìpẹ́ yìí mo gbé táyà lọ sọ́dọ̀ fọgannáísà mi, ẹni tó ti ń lẹ táyà mi látọjọ́ táláyé ti dáyé. Ó wo táyà, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pe ìlọ́po méjì owó tí mo máa ń san. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì."