Epo Wo Ló Yẹ Jíìpù Ọlọ́lá?

Léèsì ṣeé rí. Góòlù ṣeé rí. Jíìpù fúnra rẹ̀, láti ìpẹ̀kun àdúgbò ni wọ́n ti ń rí i bọ̀. Epo tó wà nínú táńkì rẹ̀ nìkan ni fáàrí tí ẹnì kankan kò lè fojú rí, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń náwó lé e lórí bí ẹni ń náwó òde.

Lọ́dún 2016, AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò kan jáde. Awakọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16 ló ti ra pirímíọ̀mù, epo olówó ńlá, láàárín oṣù 12 fún ọkọ̀ tí àwọn tó ṣe é sọ pé rẹ́gúlà, epo olówó kékeré, ni kó máa mu. Owó tó ń ṣòfò bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ onísìlíńdà mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ sórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, wọ́n fi epo méjèèjì dán wọn wò. Agbára kò lé, epo kò dín, èéfín kò mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rìsíìtì nìkan ló yí padà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún kò gbẹ́yìn. Ní Houston, bọ́tìnnì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lójú ẹ̀rọ tó ń fa epo: 87, tí í ṣe rẹ́gúlà, 89, àti 93, tí í ṣe pirímíọ̀mù. Bùọ̀dá tó bá gbé Lexus RX 350 ọdún 2015 débẹ̀, tó ti gẹ fìlà sápá kan, kò ní bojú wo 87. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìtọ́ni tí Lexus fi tẹ̀lé ọkọ̀ náà sọ ọ́ ní gbangba pé 87 ti tó. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù nìwé ọ̀hún wà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tú u wò rí.

Ohun tó dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé wọ́n ka nọ́ńbà yẹn, tí à ń pè ní ọ́kíténì, sí máàkì ìdánwò. Ọ́kíténì kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára, kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n ọlá. Sùúrù epo ló ń wọ̀n. Nínú ẹ́ńjìn, písítìnì á kọ́kọ́ fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Bó ṣe ń fún un, bẹ́ẹ̀ ló ń gbóná. Epo tí kò ní sùúrù á ti gbiná kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe àmín kí àdúrà tó parí, ẹ́ńjìn á wá máa dún kọ́kọ́kọ́. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, písítìnì á bàjẹ́. Èròjà méjì ni àwọn onímọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n: isooctane, onísùúrù, gba 100, heptane, tí kò ní sùúrù rárá, gba òdo. Epo 87 ń hùwà bí àdàlù ìdá 87 ti àkọ́kọ́ àti ìdá 13 ti èkejì.

Ẹ́ńjìn tó ń fún epo pọ̀ gan-an, tàbí tó ní tọ́bò, sábà máa ń nílò epo onísùúrù. Èyí tí kì í fún un tó bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó fẹ́ fi sùúrù yẹn ṣe.

Kí a má purọ́ mọ́ pirímíọ̀mù: jíìpù tó yẹ ẹ́ wà. Wọ́n á kọ ọ́ sára ìdérí ẹnu táńkì pé dandan ni. Ẹni tó bá ń fi rẹ́gúlà tan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ, owó mẹkáníìkì ló ń kó jọ. Àwọn mìíràn wà tí kò kan dandan, ìmọ̀ràn lásán ni àwọn tó ṣe wọ́n gba awakọ̀. Abẹ́ èyí ni Cadillac Escalade ọdún 2016 bọ́ sí, jíìpù gìrìwò onísìlíńdà mẹ́jọ, tí ẹ́ńjìn rẹ̀ jẹ́ lítà 6.2. Lọ́dún 2017, AAA kó òun àti àwọn ọkọ̀ mìíràn tó gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Lápapọ̀, pirímíọ̀mù fi ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìrìn tí gálọ́ọ̀nù kan ń gbé wọn, ó sì fi ìdá 1.4 kún agbára wọn. Escalade ló ṣe dáadáa jù: ìrìn tirẹ̀ fi ìdá 7.1 lé sí i. Ẹ dúró ná kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Lákòókò yẹn, pirímíọ̀mù fi nǹkan bí ìdá 20 sí 25 wọ́n ju rẹ́gúlà lọ. Ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú wọn ṣì jẹ gbèsè.

Bí ìyàtọ̀ owó bá jẹ́ sẹ́ńtì 80 lórí gálọ́ọ̀nù kan, táńkì tó ń gba gálọ́ọ̀nù 24 á fi dọ́là 19 lé owó epo. Kí ọlọ́lá tó wakọ̀ dé òpópónà Bissonnet ní Houston, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ta iyán, owó iyán ti bá epo lọ.

Bó bá wá ra rẹ́gúlà ńkọ́? Ẹ́ńjìn ìgbàlódé ní etí. Ohun kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń gbọ́ kọ́kọ́kọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì dá iná púlọ́ọ̀gì dúró díẹ̀. Agbára á rẹlẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á máa bá tirẹ̀ lọ. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ta ló fẹ́ mọ̀?

Wọ́n á ní pirímíọ̀mù ń fọ ẹ́ńjìn. Láti 1995 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo bẹntiróòlù, olówó ńlá àti olówó kékeré, gbọ́dọ̀ ní èròjà tó ń fọ ẹ́ńjìn. Lọ́dún 2004, BMW, General Motors, Honda àti Toyota gbé àmì Top Tier kalẹ̀ fún àwọn ilé epo tó ń fi èròjà náà sí i ju bí òfin ṣe wí lọ, rẹ́gúlà wọn náà kò sì gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀. Ẹni tí ìmọ́tótó ẹ́ńjìn bá jẹ lógún, àmì ẹnu ọ̀nà ni kó wò kó tó dé ìdí bọ́tìnnì.

Ìyà gidi ń dúró de aláṣehàn tó bá kó lọ sí Denver, ìlú tó fi nǹkan bí mítà 1,600 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, wọ́n ń ta 85 ní rẹ́gúlà, pirímíọ̀mù wọn kì í sì í sábà ju 91 lọ. Ẹni tó ti ń ra 93 ní Texas á kàn rí i pé wọ́n ti rẹ ipò òun sílẹ̀ láìṣẹ̀.

Bó pẹ́ bó yá, jíìpù á di tòkunbọ̀. Ó bá ọkọ̀ ojú omi dé èbúté Tin Can l'Ékòó, tàbí ó gba Kùtọnu wọlé, ti òun ti àkọlé "pirímíọ̀mù dandan" lẹ́nu táńkì. Ní ọ̀pọ̀ ilé epo Nàìjíríà, irú bẹntiróòlù kan ṣoṣo ló wà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ àti Range Rover ọ̀gá, ẹ̀rọ kan náà ló ń bu epo fún wọn. Ìjọba àwa-ara-wa tí aráàlú ń wá láti 1999, ilé epo ló sá pamọ́ sí.

Ní Fẹ́búárì 2022, epo ilẹ̀ òkèèrè kan wọlé tí methanol inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n lọ. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà, ìlà gùn ní ilé epo, wọ́n sì ní kí wọ́n kó epo náà kúrò nílẹ̀. Mele Kyari, ọ̀gá NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Nàìjíríà, nígbà náà, ní láti Antwerp ní Belgium ló ti wá, àti pé àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kò kan ti methanol. Ẹ sì wò ó, ọ́kíténì methanol ju 93 ti pirímíọ̀mù lọ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà lọlá, epo tó pa ọkọ̀ lóṣù yẹn ni ọlọ́lá jù.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2024, lítà kan ti di náírà 998 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Táńkì gálọ́ọ̀nù 24, tí í ṣe nǹkan bí lítà 90, á gbé nǹkan bí náírà 90,000 mì nígbà náà. Owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù Keje ọdún náà, jẹ́ 70,000.

Ìbéèrè ti wá yí padà. Jíìpù dúdú kan, gíláàsì rẹ̀ ṣókùnkùn, yà wọ ilé epo n'Íkẹjà. Ọmọbìnrin tó ń ta epo sáré dé, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé kí n kún un?"

Ọ̀gá sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, ó wo owó tó wà lójú ẹ̀rọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí i, jàre."

Onímárúwá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n kún tòun.