Òǹkọ̀wé Yín àti Jẹnẹrétọ̀ Mẹ́ta

Àṣẹ méjì kan wà nínú MATPOWER, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fún ìṣirò iná mànàmáná: runpf àti runopf. Òǹkọ̀wé yín rò pé àṣìtẹ̀ ni "o" inú èkejì. Ẹni tó rò bẹ́ẹ̀ ló tún gbà láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ó ṣí case9 níwájú kíláàsì. Nẹ́tíwọ́kì àpẹẹrẹ ni: oríta 9, jẹnẹrétọ̀ 3, àti oníbàárà tó ń fẹ́ mẹ́gáwáàtì 315. Ó tẹ runpf, èsì sì jáde kíá: jẹnẹrétọ̀ kejì 163, ẹ̀kẹta 85, àkọ́kọ́ bíi 72. Ó gbé ohùn sókè: "Ẹ wò ó! Kọ̀ǹpútà ti bá wa yan èyí tó dínwó jù."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé 163 àti 85 yẹn kò ti wà nínú fáìlì kí ẹ tó tẹ nǹkan kan?"

Wọ́n ti wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni power flow, ìyẹn ìṣirò tí runpf ń ṣe, ń ṣe: ohun tí ilé bá ti fẹnu kò sí ló ń kọ sílẹ̀, kì í béèrè bóyá ó wọ́n. Ẹ sọ iye iná tí jẹnẹrétọ̀ yóò mú wá àti fólítéèjì rẹ̀, ẹ sọ iye tí oníbàárà ń fẹ́. Yóò ṣírò fólítéèjì oríta yòókù àti iná tí yóò gba ojú waya kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, slack, ni a kì í dá iye fún. Òun ló ń dí àlàfo, títí kan iná tó ṣòfò lójú waya. Optimal power flow, ti runopf, gba gbogbo ìṣirò yìí bí òfin tí kò gbọdọ̀ rú, ó wá fúnra rẹ̀ wá iye tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú wá kí owó lè kéré jù, láì kọjá ààlà ẹnikẹ́ni. Ní ti case9, ètò inú fáìlì ń ná ju 5,430 dọ́là lọ ní wákàtí kan. Runopf yan 89.8, 134.3 àti 94.2, owó sì bọ́ sí nǹkan bíi 5,297.

Ward àti Hale ti gbé power flow sórí kọ̀ǹpútà ní 1956. Carpentier, ará Faransé, to optimal power flow sílẹ̀ ní 1962. Tinney àti Hart fi ọ̀nà Newton yanjú ti àkọ́kọ́ ní 1967; nígbà tó di 1968, Tinney yìí kan náà àti Dommel gùn ún lẹ́yìn láti yanjú èkejì. Ó ti pẹ́ tí ìtàn yìí ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Láti gba iyì padà, òǹkọ̀wé yín kó iye mẹ́ta tí runopf yan padà sínú runpf. Wọn kò dọ́gba: slack mú ju 89.8 lọ. Ó bá kéde pé irọ́ ni runopf ń pa. Kò mọ̀ pé runopf ti gbé fólítéèjì sókè dé ìtòsí 1.1, tí í ṣe ààlà òkè. Bí fólítéèjì bá ga, ohun tó ń ṣàn nínú waya á dínkù, òfò náà á dínkù. Ibi bíi mẹ́gáwáàtì 3.3 ló bọ́ sí. Nígbà tó kó fólítéèjì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì fẹnu kò.

Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Ó tún ṣí fáìlì náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sọ 315 di 504, ó tẹ runpf nítorí pé òun ló yá, èsì jáde láìsí ariwo, ó sì pàṣẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé nẹ́tíwọ́kì gbé e. (Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe òun ló jókòó ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà.)

Ọwọ́ kan náà tún nà sókè. "Sà, jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ yìí ti kọjá 256. Ṣé 250 kọ́ ni òpin agbára rẹ̀ nínú fáìlì?"

Òǹkọ̀wé yín wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ náà, ó ní òun máa bá ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ sọ̀rọ̀.